Epo Kì í Dúró Lójú Ilẹ̀

Ní ọdún 1908, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ wá epo ní agbègbè Òkìtìpupa, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde látinú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn ò rí èyí tó ṣe é tà. Ó di ọdún 1956, ní Oloibiri ní Niger Delta, kí epo tó jáde dáadáa. Láti ìgbà náà, owó epo àti ìjà orí owó náà ló gba ẹnu àwọn òpìtàn. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń fọ ilẹ̀ tí epo bá dà sí kò rí ẹni sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló kan ẹni tó ń roko àti ẹni tó ń pọnmi jù. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí epo ti sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí ojú kò tó.

Ilẹ̀ Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa epo níbẹ̀ ní 1958, ilé-iṣẹ́ Shell sì kó kúrò ní 1993. Ìlànà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń fọ ilẹ̀ kò ṣòro: wọ́n á tú òkè ilẹ̀, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ jọ bí ebè, wọ́n á da ajílẹ̀ sí i, wọ́n á sì máa yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tó ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò jẹ epo náà tán. Àwọn onímọ̀ tó gbè é lẹ́yìn kò parọ́: àwọn kòkòrò náà wà, wọ́n sì ń jẹ epo ní tòótọ́, ooru ilẹ̀ wa sì ń mú kí wọ́n yára. Ṣùgbọ́n òjò Niger Delta kì í dúró de kòkòrò. Bí ebè bá wà ní gbalasa láìsí ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, òjò á fọ epo kúrò lára iyẹ̀pẹ̀, apá kan á bá àgbàrá lọ sódò, apá kan á rì sísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ṣọ̀wọ́n tí kòkòrò kò sì lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka tó ń bójú tó àyíká nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí Ogoni jáde. Wọn kò wo ojú ilẹ̀ nìkan. Wọ́n lu ihò wọnú rẹ̀. Ní ìgbà 49, wọ́n bá epo nínú iyẹ̀pẹ̀ ní mítà 5 sísàlẹ̀, ó kéré tán. Ní Nisisioken Ogale, epo léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, benzene, èròjà olóró inú epo, tó wà nínú kànga tí àwọn èèyàn ń mu sì ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 900. Ní Ejama-Ebubu, epo tó dà sílẹ̀ ní ogójì ọdún ṣáájú ìwádìí náà ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fọ ilẹ̀ náà léraléra. Èyí tó dùn mí jù ni ti ibi 15 tí àkọsílẹ̀ Shell sọ pé wọ́n ti fọ̀ tán: 10 nínú wọn ṣì ní epo tó kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà, epo ibi 8 nínú 10 yìí sì ti wọ omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn aráàlú ń gbin iṣu, wọ́n ń pọnmi, lórí ilẹ̀ tí ìwé ti sọ di mímọ́.

Àwọn kan á ní àwọn olè tó ń bẹ́ páìpù àti àwọn tó ń fọ epo nínú igbó ló ń ba ilẹ̀ jẹ́ padà. Òótọ́ wà níbẹ̀, UNEP náà kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ epo Ejama-Ebubu ti wà nílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olè òní tó dáyé, àwọn olè kọ́ ló sì ní kí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ má yẹ ìsàlẹ̀ wò. Àtakò tó lágbára jù ni ti owó. Ẹni tó bá fẹ́ fọ ilẹ̀ dénú gbọ́dọ̀ gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà jáde, kó tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá tó nípọn kí epo má baà jò, kó fa omi tó sun sínú kòtò kó sì fọ òun náà, kó tó dá iyẹ̀pẹ̀ tó ti yege àyẹ̀wò padà. UNEP ní bílíọ̀nù 1 dọ́là ni wọ́n nílò fún ọdún 5 àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà sì lè gba ọdún 25 sí 30. Owó ńlá ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n HYPREP, tí ìjọba gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ ní 2019, ń náwó lónìí lórí ohun tó yẹ kó ti parí kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ìdádúró ló sọ iṣẹ́ náà di ọ̀wọ́n.

Ẹni tó ń gbé ní Èkìtì ti Kwara lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun. Ṣùgbọ́n páìpù tó gbé epo láti Atlas Cove l'Ékòó gba Mosimi àti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Ní Ìjẹ̀gùn l'Ékòó, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà gún páìpù epo, iná sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní Baruwa, nítòsí Ìpájà l'Ékòó kan náà, kò sí iná tó ké gbàjarè bẹ́ẹ̀: láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn èèyàn ti ń fa bẹntiróòlù jáde nínú kànga wọn dípò omi. Kò sí ilẹ̀ dúdú tí ẹnikẹ́ni lè tú kó sì kó jọ bí ebè níbẹ̀. Inú kànga ni fífọ ilẹ̀ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n gbẹ́ kànga àyẹ̀wò yí àdúgbò ká, kí wọ́n fa epo orí omi, kí wọ́n sì lẹ èsì àyẹ̀wò mọ́ ara ògiri níbi tí aráàlú ti lè kà á, kí katapílà tó dí kòtò kankan.