Bí A Ṣe Ń Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Dókítà: Ìtàn Rẹ̀ Láti Ọdún 1855

Kí ìṣègùn òyìnbó tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni a ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn láàárín wa, ẹni tí yóò sì kọ́ ọ kò ṣàì ní ohun tí a ń bi í: ọmọ ta ni, ǹjẹ́ ó lè pa àṣírí mọ́, ǹjẹ́ ara rẹ̀ gbà á láti sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kí ó máa já ewé, kí ó máa wa egbò, kí ó máa gún àgúnmu, kí a tó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn án. Ìṣègùn òyìnbó náà ní ìbéèrè tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo sì fẹ́ kí àwọn òbí àti ọmọ tí ń lépa iṣẹ́ yìí mọ̀ dájú ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn ti ń yí ìbéèrè náà padà, gẹ́gẹ́ bí àìní tiwọn ti ń yí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí wọ́n lé padà ní ìran kan ì bá fi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ní ìran mìíràn.

Ní ọdún 1855 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó rí i pé ibà ń pa àwọn dókítà òyìnbó tí ń tẹ̀lé ọmọ-ogun rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn: James Africanus Horton, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, William Broughton Davies, tí àwọn òbí tirẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti Samuel Campbell. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS (Church Missionary Society) ní Freetown, àti ẹnu àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n jẹ́rìí sí ìwà wọn, ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àìsàn dá Campbell padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù gba ìwé-ẹ̀rí ní ọdún 1858, nígbà tí ó sì di ọdún 1859, Horton gba oyè dókítà ní Edinburgh, Davies sì gba tirẹ̀ ní St Andrews.

Lẹ́yìn wọn ni Nathaniel King, ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ ìmọ̀ ìṣègùn wò lọ́dọ̀ Dókítà Harrison, oníṣègùn CMS, ní Abẹ́òkúta ọmọ Líṣàbi, kí ó tó ré òkun kọjá. Àwọn mìíràn tún tẹ̀ lé e: Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson òpìtàn, ẹni tí ó gba oyè dókítà ní Edinburgh ní ọdún 1889, John Randle, Orisadipe Obasa, àti Oguntola Sapara, tí orúkọ rẹ̀ kò ní parun nítorí ìjà tí ó bá àrùn ṣọ̀pọ̀nná jà. Ohun tí a ń bi àwọn wọ̀nyí ti ju ti Horton lọ, nítorí pé lẹ́yìn òfin ìṣègùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1858, ẹnikẹ́ni kì í forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láìyege nínú ìdánwò ìmọ̀ gbogbogbòò, èdè Látìnì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń di egungun tí ó ṣẹ́ ní láti jókòó ti èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ní ọjà mọ́, kí a tó gbà á láyè láti fojú kan òkú inú yàrá ẹ̀kọ́. Owó ọkọ̀ ojú-omi, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé gbígbé àti owó oúnjẹ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tún ń dúró de baba rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọmọ oníṣòwò, ọmọ àlùfáà, tàbí ẹni tí ìjọ gbé lẹ́yìn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn dókítà wa àkọ́kọ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: ọmọ àgbẹ̀ tí orí rẹ̀ pé jù wọ́n lọ ń bẹ nínú oko nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó wá a lọ.

Ní ọdún 1902, nígbà tí a dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, òfin rẹ̀ sọ pé ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni a lè gbà síbẹ̀. Ọ̀wọ́ ènìyàn tí ìjọba fowó ara rẹ̀ rán lọ ní ọdún 1855 ni ó wá tìlẹ̀kùn mọ́, kì í ṣe pé ìwé wọn kò pé, àwọ̀ ara wọn ni.

Síbẹ̀ ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, àwọn òbí kò sì dẹ́kun àtirán ọmọ lọ. Agnes Yewande Savage yege ní Edinburgh ní ọdún 1929, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí yóò gba ìwé-ẹ̀rí dókítà. Elizabeth Abimbola Awoliyi sì yege ní Dublin ní ọdún 1938.

Yábàá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gbóná. Ní ọdún 1930 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan níbẹ̀, ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n. Nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1934, a ṣí Yaba Higher College, èrò Hussey tí í ṣe ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà di apá kan rẹ̀. Àtiwọlé síbẹ̀ kò rọrùn rárá: ìdánwò ìfagagbága ni, iye tí a ń mú kò sì ju iye iṣẹ́ tí ìjọba ní lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ̀wé dénú ni ó padà sílé. Ìwọ̀nba tí ó wọlé ń kàwé fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń tẹ̀lé dókítà káàkiri ibùsùn aláìsàn, wọ́n ń ṣòru nílé-ìwòsàn. Ní òpin gbogbo rẹ̀, dípílómà tí kò ní iyì lẹ́yìn odi Nàìjíríà ni a fi lé wọn lọ́wọ́, igbákejì dókítà ni a sì ń pè wọ́n, lábẹ́ òyìnbó, pẹ̀lú owó oṣù tí ó kéré sí tirẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni, iyàrá kékeré ni ó sì já sí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó kò dákẹ́. Ní ọdún 1934 kan náà ni wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, tí ó di Nigerian Youth Movement lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀rọ̀ Yábàá sì wà lára ohun tí ó bí i. Dókítà James Churchill Vaughan ni ó ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́: ọkùnrin tí ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ King's College ní Èkó, tí ó gba oyè ìṣègùn ní Glasgow ní ọdún 1918, tí ó sì ń tọ́jú àwọn tálákà. Ẹni tí ó ti gba oyè pípé sọ́wọ́ ní tirẹ̀ ni ó dúró gbọin-gbọin pé kí a má ṣe fún àwọn àbúrò òun ní àbọ̀. Mo ka ìwà yìí sí ọ̀kan nínú èyí tí ó lọ́lá jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀ ní ọdún 1948, tí ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá sọ́dọ̀, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fọwọ́ sí oyè rẹ̀, òun náà ni ó sì ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó wọlé. Lọ́ńdọ̀nù kò gbà pé ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Ìbàdàn tó láti parí ẹ̀kọ́ dókítà, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní láti lọ parí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí a fi ṣí ilé-ìwòsàn yunifásítì náà, UCH, ní oṣù kọkànlá ọdún 1957. Ní ọdún 1960 ni a kọ́kọ́ rí àwọn dókítà tí ó kàwé yege ní Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Èkó tẹ̀ lé e ní ọdún 1962. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti ṣe ọdún méjì sí i lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí HSC (Higher School Certificate) nínú físíìsì, kẹ́místírì àti bàọ́lọ́jì, ni ọ̀nà là fún jùlọ.

Àjọ JAMB dé ní ọdún 1978, láti kó ìdánwò àṣewọlé gbogbo yunifásítì pọ̀ sójú kan. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìṣègùn yóò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì níbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀. Yóò tún ní kírédíìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO: mẹ́rin wọ̀nyí pẹ̀lú ìṣirò, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ìjókòó kan ṣoṣo. Ẹ wo ìwé èsì kan tí a tẹ́ sórí tábìlì: Gẹ̀ẹ́sì C5, ìṣirò B3, bàọ́lọ́jì B2, kẹ́místírì C4, físíìsì D7. D7 kan yẹn, tí kì í ṣe kírédíìtì, ti tó láti dá a dúró. Bí ó tilẹ̀ gba 320 ní JAMB, ìwé yìí nìkan kò lè mú un wọlé lọ́dún náà. Bí ìwé rẹ̀ bá sì pé, ìdánwò ti yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣì ń bẹ níwájú, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Ní ibi púpọ̀ wọ́n ń fi 8 pín máàkì JAMB, kí 300 di 37.5, kí a tó ro ti ìdánwò kejì mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni a óò wo ìpínlẹ̀ tí ọmọ náà ti wá, nítorí pé ètò ìjọba àpapọ̀ fi 45 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún àṣeyọrí lásán, 35 fún àdúgbò yunifásítì, àti 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rẹ̀yìn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹni tí ó bá ní A-level, IJMB tàbí JUPEB lè gba Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì, bí yunifásítì tí ó yàn bá ń gba ìwé-ẹ̀rí náà fún ìṣègùn, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń gbà á. Ẹni tí ó sì gba ti JAMB wọlé yóò lo ọdún kìn-ín-ní lórí sáyẹ́ǹsì. Bí máàkì rẹ̀ kò bá tó ní òpin ọdún yẹn, wọn a gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, wọn a sì fi àwọn tí ó tó ránṣẹ́ sí kíláàsì anátómì.