Ó Kéré Tán, Kò Jù Bẹ́ẹ̀ Lọ: Èdè Yorùbá Nínú Ìṣirò GRE

Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà láti kàwé gboyè kejì tàbí ìkẹta ní Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́ nípa GRE, ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ ETS ń ṣe. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tí wọ́n ti gé e kúrú, ìbéèrè 27 ló kù ní abala ìṣirò rẹ̀, ìṣẹ́jú 47 sì ni wọ́n fún wa láti fi dáhùn wọn. Ìṣirò ibẹ̀ kò ga ju ti ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Kò sí kálíkúlọ́ọ̀sì níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ẹni tó ti gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ lè fìdí rẹmi nínú rẹ̀, nítorí gbólóhùn tí wọ́n fi di ìṣirò náà le ju ìṣirò fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a bá fẹ́ sọ ìmọ̀ kan di Yorùbá, orúkọ la máa ń kọ́kọ́ wá kiri: kí la ó pe èyí, kí la ó pe tọ̀hún? Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ wà kọ́ nìyẹn. Orúkọ inú ìṣirò GRE kò pọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti wà lẹ́nu wa: ìdá, ìlọ́po, igun, àròpọ̀, àṣẹ́kù. Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó so wọn pọ̀ ló yẹ ká mójú tó.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, kí wá ni ti Yorùbá? Òótọ́ ni. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kò ní tó ìṣẹ́jú méjì, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó túmọ̀ èdè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ilé la ti ń túmọ̀, nígbà ìgbáradì, kí òye ohun tí wọ́n ń béèrè lè ti wọlé kí ọjọ́ tó pé. A sì ti rí i rí pé kíkọ́ ìmọ̀ ní Yorùbá kì í dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́: ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Kódà, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà mọ, láti ibẹ̀ lọ sókè sì rèé, oníkálukú ló ń dá ọgbọ́n tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyọkúrò. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ yọ márùn-ún lára x, márùn-ún ló sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, x á wá tẹ̀lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ: 5 − x. Ó ti ṣì í nìyẹn, àwọn tó ṣètò ìdánwò mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa gbà, wọ́n á sì ti to ìdáhùn ẹ̀tàn náà mọ́ àwọn tí wọ́n ní kó yàn. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ní fún irú nǹkan báyìí. Ti àkọ́kọ́ kò sàn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: nínú mẹ́tàdínlógún, mẹ́ta tí a yọ ló ṣáájú ogún. Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà bá ti tóbi, a máa ń sọ pé igba ó dín mẹ́ta, bí a ṣe ń ka àwọn irúnmọlẹ̀ ní igba ó lé ọ̀kan. Igba ló kọ́kọ́ bọ́ sí etí, ohun tí a yọ tàbí tí a fi kún un tẹ̀lé e. Ẹni tó bá gbọ́ “x ó dín márùn-ún” á kọ x − 5 láìronú lẹ́ẹ̀mejì, torí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò ni àmì ṣe tò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí olùkọ́ má lo ọ̀nà mìíràn nínú ìṣirò oní-x ju ó dín àti ó lé lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “jù lọ” àti “ìlọ́po”. Owó Àìná fi náírà 3,000 ju ti Òjó lọ: À = Ò + 3,000. Owó Àìná jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó Òjó: À = 3Ò. Yorùbá kò jẹ́ kí méjèèjì fara kọ́ra, “fi” tó wà nínú ti àkọ́kọ́ ló là wọ́n. Ẹ wá wo irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé ka iwájú ènìyàn: owó Àìná jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó Òjó, tí Àìná bá fún Òjó ní náírà 2,000, owó wọn á dọ́gba, èló ló wà lọ́wọ́ Òjó? Bí a bá ti sọ ọ́ báyìí, 3Ò ó dín 2,000 dọ́gba pẹ̀lú Ò ó lé 2,000. Òjó ní 2,000, Àìná ní 6,000.

Ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra jù ni ìṣeéṣe. A ju owó onírin kan sókè lẹ́ẹ̀mẹta, a sì ń wo iye ìgbà tí orí máa hàn. Ọ̀nà mẹ́jọ ló lè gbà já sí. Kí orí hàn lẹ́ẹ̀kan géérégé, mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni. Kí ó hàn lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, méje nínú mẹ́jọ ni, torí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni orí kò fi ní hàn rárá. Kí ó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wá ńkọ́? Mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ìyẹn ìdajì. Ìbéèrè mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta, nọ́ńbà inú wọn kò sì yí padà. Géérégé kò ní wàhálà, ó kéré tán náà kò ní. Èyí tí mo ń bá àwọn atúmọ̀ jà lé lórí ni “ó pọ̀ jù”, tí wọ́n máa ń kì bọ ibi tí “kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ” yẹ kó wà. “Ó pọ̀ jù” ni ìyá ń sọ nígbà tí ọmọ bá bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ohun tó kọjá ààlà ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ààlà gan-an ni ìbéèrè ń tọ́ka sí.

Ìdá náà ní tirẹ̀. Ìdá mẹ́ta ni ọ̀kan nínú mẹ́ta, bí ìdámẹ́wàá ìjọ ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá sọ lórí rédíò pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá mẹ́ta ti yí padà, ó ti di mẹ́ta tí a mú. Nínú ìṣirò, ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ tán: ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí náà kò tíì tó. Oníṣòwò fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó aṣọ tó jẹ́ ₦10,000, ó di ₦12,000. Aṣọ kò tà, ló bá fún àwọn oníbàárà ní ẹ̀dínwó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá rò pé owó ti padà sí ₦10,000 ti gbàgbé láti béèrè pé ọgọ́rùn-ún ta ni? Ìdá ogún àkọ́kọ́ jẹ́ ti 10,000, èkejì jẹ́ ti 12,000, ₦9,600 ló sì kù. Bí a bá fi “iye tó wà nílẹ̀” kún un nígbà gbogbo, tí a ń sọ pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iye tó wà nílẹ̀, gbólóhùn á gùn díẹ̀, àmọ́ àṣìṣe á dín kù.

Ọ̀rọ̀ àárín kò gba àkókò púpọ̀. Àwọn kan ń pe mean ní àárín, wọ́n tún ń pe median ní àárín. Ìpíndọ́gba ni ká pe mean: bí ẹni márùn-ún bá ní 4, 6, 6, 9 àti 15, tí wọ́n kó o papọ̀ tí wọ́n sì pín in dọ́gba, 8 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà àárín ni 6. Kí 15 di 45, ìpíndọ́gba á fò sí 14, nọ́ńbà àárín ò ní mira.

Irú ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń to iye méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n á ní ká sọ èyí tó ju ìkejì lọ. Ìdáhùn kẹrin nínú àwọn tí a lè yàn, èyí tó ń sọ pé a kò lè mọ èyí tó jù, ló ṣòro túmọ̀. “Mi ò mọ̀” kọ́ ni, “kò dájú” náà kọ́. Tí x bá ju òdo lọ, èwo ló tóbi nínú x àti x²? Tí x bá jẹ́ 3, x² ni. Tí ó bá jẹ́ ìdajì, x ni. Tí ó bá jẹ́ 1, wọ́n dọ́gba. Ẹni tó dáhùn mọ ohun gbogbo tó ṣeé mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni kò tó. “Ohun tí a sọ kò tó” ni mo máa ń kọ.

Ó ku prime, tí àwọn kan ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó bá gbọ́ àkọ́kọ́ á mú 1 síwájú wọn, bẹ́ẹ̀ 1 kò sí lára wọn rárá. “Aláìṣeépín” náà kò tọ̀nà, nítorí 7 ṣeé fi 7 pín. “Apínméjì” á sì mú ọkàn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ 4 àti 6 àti 8. Olólùpínméjì ni mo yàn: nọ́ńbà tí olùpín rẹ̀ jẹ́ méjì géérégé. Olùpín kan ṣoṣo ni 1 ní, ó yọ ara rẹ̀ kúrò. 2 ní 1 àti 2, ó wọlé, òun nìkan sì ni nọ́ńbà tó pín sí méjì láìṣẹ́kù tó máa wọlé. 9 ní 1, 3 àti 9, ó jáde. Ọ̀rọ̀ náà gùn, kò sì dùn lẹ́nu, mo gbà. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ tí kò sì ní mú 1 wọ àárín wọn, kó gbé e wá. Títí dìgbà náà, olólùpínméjì ni èmi ó máa kọ.