Irun Dídì, Irun Títú: Ìtàn Ìtọ́jú Irun àti Awọ Orí Láàárín Àwọn Obìnrin Yorùbá

Bí ẹnìkan bá kọjá níbi tí onídìrí ti ń ṣiṣẹ́, ìkíni tí àṣà là kalẹ̀ fún un ni "Ojú gbooro o," ìdáhùn onídìrí sì ni "Òòyà á yà á o." Àwọn olùkọ́ èdè máa ń fi ìkíni yìí kún ti àgbẹ̀ àti ti aláró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí fún ìdánwò, ó sì máa ń parí síbẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn dúró wò ó. "Ojú" tí wọ́n ń wí níhìn-ín ni ìlà awọ orí tó máa ń hàn láàárín irun dídì kan àti èkejì. Àdúrà ni pé kí ìlà náà hàn dáadáa, kí ó sì mọ́. Òòyà tí onídìrí dárúkọ ní iṣẹ́ méjì: òun ni wọ́n fi ń ya irun kí wọ́n tó dì í, òun náà ni wọ́n fi ń yà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u. Nínú gbólóhùn kúkúrú méjì, awọ orí ti wà nínú iṣẹ́ náà, títú sì ti wà nínú dídì.

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí irun Yorùbá. Ní 1979 ni Marilyn Houlberg tẹ àròkọ rẹ̀ jáde lórí irun gẹ́gẹ́ bí àmì ipò ènìyàn láwùjọ. Babatunde Lawal náà ti ṣàlàyé bí ìgbàgbọ́ nínú orí ṣe so mọ́ irun tí wọ́n ń dì sí i. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, fi àwòrán tó tó nǹkan bí 1,000 sílẹ̀ kí ó tó di olóògbé ní 2014. Ẹwà, ipò àti ẹ̀sìn ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí dá lé lórí. Ìbéèrè tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tú wò ni ti ọjọ́ tí irun ń lò lórí: ìgbà wo ni wọ́n ń tú u, kí sì ni wọ́n ń ṣe sí orí kí wọ́n tó tún un dì? Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ìlera irun wà. Ohun tó ń ba irun iwájú orí ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́ láyé òde òní kì í ṣe dídì nìkan. Dídì àti títú, tí wọ́n jọ jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, ló ti pínyà.

Kì í ṣe ohun àná ni irun ṣíṣe ní apá ibí yìí. Àwọn ère amọ̀ Nok ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní 2,000 ọdún, fi irun tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ hàn. Àwọn Hausa ní kitso, àwọn Igbo ní isi owu tí wọ́n ń fi òwú wé, àwọn agbẹ́gilére Yorùbá sì ti gbẹ́ oríṣiríṣi irun sórí agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni Yorùbá pín iṣẹ́ náà sí: irun dídì, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán hun mọ́ awọ orí, àti irun kíkó, tí wọ́n ń fi òwú dúdú wé láti ìdí dé ṣóńṣó. Orúkọ irun kọ̀ọ̀kan sì máa ń sọ ibi tí ó dorí kọ. Ṣùkú ń ti etí orí káàkiri gòkè lọ pàdé ní àtàrí. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ ń ti ẹ̀yìn ọrùn bọ̀ síwájú. Kòlẹ́sẹ̀ ń ti iwájú lọ sí ìpàkọ́, wọ́n á sì fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá mọ orúkọ wọ̀nyí ti mọ ibi tí agbára fífà wà. Ṣùkú ń fa gbogbo ẹ̀bá orí lẹ́ẹ̀kan náà. Kòlẹ́sẹ̀ ń fa ti iwájú jùlọ. Obìnrin tó bá ń pààrọ̀ láti ọ̀kan sí òmíràn kò ní fa ibì kan náà lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹwà nìkan ló ń wá.

Àmì ni irun, àmì sì gbọ́dọ̀ máa yí padà bí ẹni tó ni ín bá ń yí padà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn tó parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọge ń di irun wọn wẹ́wẹ́, láti 8 dé 14, bí ó bá sì ṣe kéré tí ó pọ̀ tó ni ó ṣe ń wuyì tó. Ti àwọn abilékọ yàtọ̀. Opó kì í di irun ní àkókò ọ̀fọ̀. Irun ọmọ tí wọ́n bí ní Dàda, ẹnikẹ́ni kì í fi òòyà kàn án lásán. Ọdún, ìgbéyàwó àti ìkómọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè irun tuntun, irun tuntun kò sì ṣeé ṣe láìtú ti tẹ́lẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni pé ọmọbìnrin yóò jókòó sílẹ̀ tàbí sórí àpótí kékeré láàárín orúnkún onídìrí. Ẹni tí yóò dirun lè jẹ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí aládùúgbò tó mọwọ́ rẹ̀. Wọ́n á tú irun àtijọ́, wọ́n á yà á, wọ́n á fi ọṣẹ dúdú fọ orí, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ. Àdí tí wọ́n yọ lára ẹkùrọ́ tàbí òrí ni wọ́n á fi pa awọ orí àti irun kí wọ́n tó fi ìkóòtí la ojú rẹ̀. (Àdí kan náà yìí ni èèwọ̀ Èṣù, ohun tí ń tu orí ènìyàn lára ni òun kò gbọdọ̀ fojú kàn.) Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni irun bẹ́ẹ̀ ń lò. Nígbà tí ilé-ìwé gbòde, àwọn ilé-ìwé kan tilẹ̀ ń yan irun kan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, débi pé ọ̀sán Sátidé tàbí Sọ́ńdè di ọjọ́ irun ní ọ̀pọ̀ àgbàlá. Àwọn ọmọ kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tó dà bí ìfìyàjẹni yẹn ń mú kí orí wọn rí omi, òróró àti òòyà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí àléébù láyé ìgbà yẹn o. Àwọn onídìrí tí ọwọ́ wọn le wà, àwọn ọmọ sì ń sunkún lábẹ́ wọn. Òòyà kan tí gbogbo agboolé ń lò lè gbé làpálàpá àti iná orí láti orí kan dé òmíràn. Irun iwájú àwọn kan pẹ̀lú a máa já. Ṣùgbọ́n bí irun bá dunni jù lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dì í, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má tú u ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: kò náni ní owó ńlá, ẹni tó dì í kò sì jìnnà.

Ìyípadà kò dé lọ́jọ́ kan. Òwú rọ́bà bọ́ sọ́jà, ó ń dán, ó sì le ju òwú lásán lọ. Òun ló jẹ́ kí irun kíkó lè nà ró bí igi. Nínú àwọn irun tí Ojeikere yà, Onílé Gogoro gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé alájà púpọ̀, orúkọ Ogun Parí sì ń ránni létí ogun abẹ́lé tó parí ní January 1970. Wíìgì dé, irun yíyọ pẹ̀lú òòyà gbígbóná dé, rilásà tó ń fi kẹ́míkà sọ irun di jọ̀lọ̀ tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn náà ni àtáṣímẹ́ǹtì gbilẹ̀. Okùn àtọwọ́dá ni. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ, Kanekalon, bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní 1957. Wífọ̀n, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ irun tí wọ́n ti kọ́kọ́ dì mọ́ awọ orí tàbí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ohun tí àtáṣímẹ́ǹtì ṣe ju pé ó fi kún gígùn irun lọ. Ó sọ irun di ọjà. Irun tí wọ́n ń dì ní wákàtí kan sí méjì di èyí tí ó ń gba odindi ọjọ́, onídìrí kúrò ní àgbàlá bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń sanwó rẹ̀, irun àtọwọ́dá pàápàá sì ní iye tirẹ̀. Ẹni tó ti náwó tó bẹ́ẹ̀, tó sì ti jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní tú irun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Òun gan-an ni yóò máa sọ pé, "Àǹtí, ẹ fà á dáadáa, kí ó lè pẹ́." Onídìrí mọ̀ pé bí irun bá tètè rọ̀, àléébù iṣẹ́ òun ni oníbàárà yóò pè é. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì, lórí irun tó ń gbé ẹrù tí kò gbé rí. Ọ̀pọ̀ kì í sì í fọ̀ ọ́, nítorí ó máa ń wúwo bí ó bá mu omi, ó sì ń pẹ́ kí ó tó gbẹ.

Ìṣègùn ti mọ àrùn tí fífà irun ń fà tipẹ́. Trebitsch ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1907 lára àwọn obìnrin Greenland tí wọ́n ń so irun wọn le; nítorí náà kì í ṣe àbùkù irun aláwọ̀ dúdú, fífà ni okùnfà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìwádìí tí Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cape Town ló là á yé wa jùlọ. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n rí i lára 31.7% àwọn àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò, àti 17.1% àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Wọ́n tún rí i pé ewu rẹ̀ pọ̀ sí i bí wọ́n bá di irun tó ti jẹ rilásà tàbí tí wọ́n rán nǹkan mọ́ ọn, àti pé orí tó ń dunni tàbí tó ń yọ eéwo kéékèèké lẹ́yìn irun dídì ti ń kìlọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí fífà bá dáwọ́ dúró, irun á tún hù. Bí ó bá pẹ́, ojú ihò irun á di àpá, kò sì sí òróró tó lè ṣí i mọ́.

Àṣìyé kan wà tó yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀. Irun 50 sí 100 ló ń já bọ́ lórí ènìyàn lójúmọ́ láìsí àrùn kankan. Bí wọ́n bá di orí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, irun tó ti já ṣùgbọ́n tí kò rọ́nà bọ́ sílẹ̀ lè tó 2,800 sí 5,600. Ìyẹn ni ìdì irun tó ń dẹ́rù ba àwọn obìnrin lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u. Kì í ṣe òun ni àmì àrùn. Ẹ̀bá iwájú orí àti òkè etí ni kí wọ́n wò, bóyá ó ń fà sẹ́yìn.

Ìmọ̀ràn tí àwọn oníṣègùn awọ ara ń fúnni lónìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ àgbàlá àtijọ́: kí irun dídì má kọjá oṣù méjì sí mẹ́ta, kí wífọ̀n má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí wọ́n máa fọ awọ orí nígbà tí irun ṣì wà lórí, kí wọ́n tú èyí tó bá ń dunni, kí orí sì sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó tún un dì. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ onídìrí ló ń fi ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń dirun. Títú ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ tó kéré jùlọ tàbí fún oníbàárà nílé ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wo awọ orí lọ́jọ́ náà.

Èyí tún mú ni padà sọ́dọ̀ Ojeikere. Láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀, kí ọnà irun lè hàn bí ère. A lè ka ojú irun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, gbooro, mímọ́, láìsí wíwọ́. Àmọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, iwájú orí obìnrin náà kò hàn.