Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Wọ́n Hú Jáde Nílẹ̀ Gbígbẹ

Lọ́dún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga nítòsí abúlé Dufuna, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí. Ó gbẹ́ ẹ tó nǹkan bíi mítà 5, ló bá kan igi líle. Kì í ṣe gbòǹgbò o. Ọkọ̀ ojú omi ni!

Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Maiduguri àti ti Frankfurt hú u ní 1994, gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí ọdún 8,000. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà tó pẹ́ jù ú lọ. (A mọ̀ pé àwọn kan máa rí ọdún yẹn, wọ́n á ní kí ni pásítọ̀ ń sọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán ná.) Igi tó wà láàyè máa ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan látinú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá ti gé e, kò gba òmíràn mọ́, èyí tó wà nínú rẹ̀ á máa dín kù. Tó bá fi máa pé ọdún 5,730, ìdajì á ti lọ. Èyí tó kù ni wọ́n ń wọ̀n tí wọ́n fi ń ṣírò.

Àmọ́ kí ni ọkọ̀ wá ṣe níbi tí èèyàn ti ń gbẹ́ kànga kó tó rómi mu? Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Omi tó ń ṣàn ló ń kó yanrìn, omi tó bá dúró jẹ́ẹ́ ló ń fi amọ̀ sílẹ̀. Ibi tí yanrìn àti amọ̀ ti gun ara wọn ni ọkọ̀ náà sùn sí, amọ̀ tútù ò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ débẹ̀, ni ò fi jẹrà. Ẹni tó bá dé Maiduguri, orí òkìtì yanrìn gígùn kan tó gba Bama kọjá ni ìlú yẹn wà. Etí Adágún Chad àtijọ́ nìyẹn! Adágún náà fẹ̀ nígbà yẹn ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà. Nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn ni òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí aṣálẹ̀ ń gba ipò rẹ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, ní nǹkan bí 1960, omi ibẹ̀ ṣì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà 25 kìlómítà níbùú-lóròó. Díẹ̀ ló kù báyìí. Apẹja ti di àgbẹ̀, darandaran ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù pẹ̀lú màlúù, oko ẹlòmíì ló sì ń bá lọ́nà. Ọ̀dá nìkan kọ́ ló ń fa ìjà o, ìbọn àti ojúkòkòrò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní omi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Damaturu ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe agùnbánirọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ ní kó lọ wò ó, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ wá fún wa.