Bàálù Kékeré tí Umuahia Kò Jẹ́ Kó Sọnù

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra, ilẹ̀ tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀ Yorùbá. Ore ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, ní ìlú tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àgbègbè olómi àwọn Ìlàjẹ. Ìjà ibẹ̀ gbóná débi pé ó wọnú èdè: bí nǹkan bá le kọjá agbára, Yorùbá a ní, “Ó le kú, ìjà Ore.”

Gbólóhùn ni Ore fi sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ fojú kan irinṣẹ́ ogun náà gan-an, Umuahia ní ìpínlẹ̀ Abia ni yóò forí lé.

Ọmọ Ìlọrin kan, Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, ló ṣí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1985, nígbà tó pé ọdún 15 géérégé tí ogun parí. Nítorí ilé abẹ́ ilẹ̀ tí Rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lójò ni wọ́n ṣe yan ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ onírin tí àwọn ará Biafra fọwọ́ ara wọn rọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ògbúnigwè, bọ́ǹbù tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn ṣe nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dí gbogbo ọ̀nà mọ́ wọn. NNS Bonny náà wà níbẹ̀, ọkọ̀ ogun ojú omi tó gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n sọ di ilé oúnjẹ. Ọmọ Ìlàjẹ tó bá rí i yóò kọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣàjèjì jù nínú gbogbo wọn ni bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Minicon.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni MFI-9B. Björn Andreasson, ọmọ Sweden, ló ya àwòrán rẹ̀, ìlú Malmö ni wọ́n sì ti ń kàn án. Èèyàn méjì péré ló lè jókòó sínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 100 lọ, apá rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì kò sì pé mítà mẹ́jọ. Bàálù ìgbafẹ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní 1964, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Sweden dán an wò bóyá ó lè wúlò fún wọn, wọn kò sì mú un.

Ẹni tó wá sọ ọ́ di ohun ìjà ni Carl Gustaf von Rosen. Ìdílé ọlọ́lá ló ti wá ní Sweden, ó sì ti wa bàálù aláìsàn ní Etiópíà nígbà tí Ítálì kógun ja ibẹ̀ ní 1935. Ní 1968 ó ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Biafra, ojú rẹ̀ sì rí ohun tí bọ́ǹbù ń ṣe níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní MiG-17 àti Ilyushin-28 láti Rọ́ṣíà; Biafra kò ní ohun tó lè kojú wọn lójú òfuurufú. Von Rosen ronú pé bí kò bá sí ẹni tó lè lé MiG bá lókè, a ṣáà lè bá a nílẹ̀ níbi tó bá ti ń sinmi.

Ó ra MFI-9B márùn-ún. Gabon ni wọ́n ti so rọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Faransé mọ́ abẹ́ apá wọn, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn wọ́n kí wọ́n lè bá igbó mu. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, wọ́n fò wálẹ̀wálẹ̀ lórí igi títí wọ́n fi já sí pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt, wọ́n sì kọlù ú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti kọlu Benin, Enugu àti ilé iṣẹ́ mànàmáná Ughelli bákan náà. Àwọn ọmọ Sweden àti àwọn ọmọ Biafra bíi August Okpe ni wọ́n jọ ń wà wọ́n. Oṣù yẹn gan-an ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ìdarí Third Marine Commando, ẹ̀ka ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, lọ́wọ́ Benjamin Adékúnlé, Port Harcourt sì wà lábẹ́ ẹ̀ka náà.

Minicon kò gba Biafra là. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970 ogun parí. Ogun mìíràn, ní Ogaden ní Etiópíà, ló pa von Rosen ní 1977. Síbẹ̀ ìran bàálù náà kò run. Andreasson ya àwòrán àbúrò rẹ̀ fún Saab, Pakistan gba àṣẹ láti máa kàn án, wọ́n sì tún un ṣe títí ó fi di Super Mushshak. Ní 2017, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Super Mushshak kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. Ìran bàálù tó kọlù wọ́n ní 1969 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń wà lónìí.

Bàálù tí wọ́n fi dán nǹkan tuntun wò báyìí pọ̀ láyé, àwọn kan tilẹ̀ wà tí ọmọ olómi yóò fẹ́ràn. Nígbà ogun Hitler, bàálù akérò ilé iṣẹ́ BOAC ti Gẹ̀ẹ́sì ń balẹ̀ sórí ọ̀sà Èkó. Àwọn òyìnbó kan fẹ́ kí bàálù ìjà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1947, Saunders-Roe ti Gẹ̀ẹ́sì fò SR.A/1, bàálù ìjà tí kò nílò pápá rárá. Mẹ́ta ni wọ́n ṣe, méjì ṣòfò, ẹyọ kan tó kù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Solent Sky ní Southampton. Amẹ́ríkà náà ṣe Sea Dart, tó ń fi pátákó gígùn sáré lórí omi kó tó gbéra. Ó sáré ju ìró lọ ní 1954. Kò sí bàálù orí omi mìíràn tó tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn Sea Dart fọ́ ní San Diego lọ́dún kan náà, awakọ̀ rẹ̀ sì kú. Mẹ́rin tó ṣẹ́kù wà nípamọ́ títí dòní.

Kò sí ológun kankan tó lo SR.A/1 tàbí Sea Dart lójú ogun. A ṣì lè fojú rí wọn lónìí nítorí pé wọn kò tà wọ́n fún oní-pàǹtí irin.

Etí òkun Ìlàjẹ náà ní àwọn tó dán nǹkan wò. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó lórí ẹrọ̀fọ̀, wọ́n da owó àti iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi ńlá, wọ́n hun aṣọ, wọ́n se ọṣẹ, wọ́n rán bàtà, wọ́n sì tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan fìtílà. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí lọ. Iṣẹ́ ìdènà omi tí NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé síta ní 2004 kò dá a dúró.

Ogun ló da Umuahia láàmú, wọ́n sì kó irin rẹ̀ jọ láàárín ọdún 15. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè yìí wá ilé kan sí Igbókòdá nílẹ̀ Ìlàjẹ, kí wọ́n kó irinṣẹ́, àwòrán àti ọkọ̀ Ayétòrò tó bá kù síbẹ̀, kí wọ́n sì gba ohùn àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá.