Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ọkọ̀ Tí Ẹ̀yìn Ń Tì Kì Í Bá Òjò Rẹ́?

Ẹjọ́ kan wà tí kì í tán láàrin àwọn awakọ̀ wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ báyìí, tí mọ́tò kan sì yọ̀ wọ igbó, ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan yóò sọ pé, "Ṣebí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í? Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bá òjò rẹ́." Ẹlòmíràn yóò ní irọ́ ni, pé 504 tí bàbá òun fi rin ogún ọdún kò yọ̀ lọ́jọ́ kan. Kí ẹ tó mọ̀, àríyànjiyàn ti gbóná, ohùn ti lọ sókè, wọn ò sì ní í tilẹ̀ wo táyà mọ́tò tó wà nínú igbó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti mú mi gbọ́ ẹjọ́ yìí ní gáréèjì tó pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ìtàn rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń dá a lọ. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Fún ẹni tí kò mọ̀ nípa mọ́tò: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń rí lójú títì, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnì ń yí, méjì yòókù kàn ń bá a yí lọ ni. Bó bá jẹ́ méjì ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ń yí, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Bó bá jẹ́ méjì iwájú, iwájú ló ń fà á. Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni gbogbo wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹsẹ̀ iwájú la fi ń yà sọ́tùn-ún sósì, ó sì nira fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ nígbà náà láti fi irin gbé agbára lọ bá ẹsẹ̀ tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 1891, ilé-iṣẹ́ Panhard et Levassor nílẹ̀ Faransé gbé ẹ́ńjìnì síwájú, wọ́n sì fi agbára rẹ̀ ránṣẹ́ sẹ́yìn. Ètò yẹn ni ayé tẹ̀ lé. Citroën bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ tí iwájú ń fà ní 1934, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbé Mini jáde ní 1959, ṣùgbọ́n ní tiwa níhìn-ín, ọkọ̀ ẹ̀yìn la mọ̀. Morris Minor tí wọ́n fi ń ṣe takisí láyé àtijọ́, Pijó 404, Datsun 120Y, Kòròlà ìgbà náà, Mercedes àwọn ọlọ́lá: ẹ̀yìn ni gbogbo wọn.

Ti Fọ́kísì tí a ń pè ní Ìjàpá tún wá yàtọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ burúkú ti kọ́kọ́ dé bá ọkọ̀ ẹ̀yìn. Ní 1965, amòfin ará Amẹ́ríkà kan, Ralph Nader, kọ ìwé kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní Unsafe at Any Speed. Orí kìíní ìwé náà dá lé Chevrolet Corvair, ọkọ̀ tí òun náà gbé ẹ́ńjìnì sẹ́yìn bíi ti Ìjàpá. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Corvair tí wọ́n ṣe láti 1960 sí 1963 mọ́ ara ọkọ̀ kò dára, pé bí awakọ̀ bá sáré wọ kọ́nà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè ká sábẹ́, kí ìdí ọkọ̀ sì fì jáde. Ìwé náà mi Amẹ́ríkà tìtì. Àmọ́ ní 1972, ìjọba ibẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí tiwọn jáde pé Corvair kò burú ju àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn olólùfẹ́ Corvair ò tíì yé fi ìyẹn yangàn. Lójú tèmi, pé ọkọ̀ kan kò burú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò sọ ọ́ di ọkọ̀ rere, nígbà tí ẹgbẹ́ ọ̀hún náà kò dára. General Motors pàápàá ti yí ìdí ọkọ̀ náà padà pátápátá nígbà tí ti 1965 fi jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé, nítorí ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni jù.

Pijó 504 jáde nílẹ̀ Faransé ní 1968, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù sì fi í joyè ọkọ̀ tó dára jù ní 1969. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ó ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Fọ́kísì l'Ékòó. Ẹ rántí pé ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 la ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ṣì ń fi ìbẹ̀rù yà. Owó epo dé, mọ́tò pọ̀ bí eèrà, nígbà tó sì di 1978, wọ́n ṣí ọ̀nà mọ́rosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀nà tó gbòòrò, tó tẹ́jú, tí kò ní kọ́nà bíi ti ọ̀nà àtijọ́ tó gba inú ìlú kọjá. Ẹni tó ti ń fi ìṣọ́ra wakọ̀ tẹ́lẹ̀ rí ọ̀dà tó ń dán, ó sì gbàgbé ara rẹ̀.

504 wagon ló jọba lójú ọ̀nà yẹn. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 tí mo ṣì kéré, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń kó àwa ọmọdé sí, gẹ́rẹ́ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí òjò bá ń rọ̀, a máa ń gbọ́ omi tó ń gbá abẹ́ ọkọ̀ gbọ̀ngàngbọ̀ngàn, ká máa rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà tó wà níwájú wa kì í rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá ní wagon yẹn kì í yọ̀ kò purọ́ tán. Bí èrò bá kún inú rẹ̀, tí ẹ̀wà àti gààrí wà lẹ́yìn, gbogbo ẹrù náà ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ọ̀dà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan náà ló sì ń ti ọkọ̀. Ó ń di ilẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ ju ọkọ̀ iwájú lọ: bí ọkọ̀ bá dojú kọ òkè, ẹ̀yìn ni ẹrù ń wọ́ lọ, iwájú á sì fúyẹ́. Ẹ wo takisí Micra n'Íbàdàn, tí iwájú ń fà, bó bá ká èrò pọ̀ mọ́ra tó sì fẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òjò ti pa. Táyà iwájú á máa yí lásán, á máa han bí ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wagon yẹn já èrò sílẹ̀ kó máa padà lófìfo. Tàbí ẹ wo 504 pick-up tí kò ru nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ ti fúyẹ́, agbára ẹ́ńjìnì kò sì dín kù. Bí awakọ̀ bá tẹ iná nínú kọ́nà tó tutù, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ ó sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á yí ju bó ti yẹ lọ, á já ilẹ̀ sílẹ̀, ìdí ọkọ̀ á sì fì síta. Ẹrù tó pọ̀ náà ní tirẹ̀ o: ó ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá fi lè fì pẹ̀lú ẹrù, apá awakọ̀ kì í tètè ká a.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ gidi tó wà láàrin ọkọ̀ méjèèjì wà. Bí ọkọ̀ iwájú bá yọ̀ nínú kọ́nà, imú rẹ̀ ló máa ń kọ̀ láti yà, á fẹ́ máa lọ tààrà. Ẹ̀rù á ba awakọ̀, á ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọkọ̀ á dín eré kù, imú á sì tún di ilẹ̀ mú. Ohun tí ìbẹ̀rù sọ fún un pé kó ṣe ló tọ́. Ti ọkọ̀ ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìdí bá ti fì, ìbẹ̀rù á ní kó tẹ bíréèkì, kó sì di sítíárìn mú gírígírí. Èyí tó tọ́ ni kó rọra ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kó jìnnà sí bíréèkì, kó sì yí sítíárìn sí ìhà ibi tí ìdí ọkọ̀ ń lọ, kó tètè dá a padà bí ọkọ̀ bá ti ń tọ́. Ta ló kọ́ àwọn awakọ̀ wa ní ìyẹn? Ẹni tó gba ìwé àṣẹ láìdé ibi ìdánwò, níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Torí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ẹ̀yìn kì í tètè dárí ji awakọ̀ nínú òjò. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ bá a yín jiyàn lé lórí ni táyà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ NASA, àwọn kan náà tó padà rán ènìyàn lọ sínú òṣùpá, ń wádìí ìdí tí bàálù fi ń yọ̀ bó bá balẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù. Wọ́n rí i pé bí omi bá pọ̀ ju èyí tí ilà ojú táyà lè gbé dànù, tí eré sì dé ìwọ̀n kan, omi á wọ abẹ́ táyà, á gbé e kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ ti di ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ẹ yí sítíárìn, ẹ tẹ bíréèkì, kò sí èyí tí yóò gbọ́. Ìwọ̀n eré tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ dúró lórí afẹ́fẹ́ inú táyà. Bí a bá fi ìṣirò wọn wo táyà tí fọkanáísà fún ní géèjì 30, bíi kìlómítà 91 ní wákàtí kan ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti jò dé 20, kìlómítà 74 péré ni. Ìṣirò náà kò béèrè bóyá iwájú ni ó ń fa ọkọ̀ tàbí ẹ̀yìn ló ń tì í. Òfin ojú ọ̀nà wa sì gba bọ́ọ̀sì èrò láyè kìlómítà 90 lójú mọ́rosẹ̀, ó gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè 100. Ẹni tí táyà rẹ̀ ti pá lè máa pa òfin mọ́ kó sì máa léfòó lórí omi.

Ní 1988 tí ìjọba dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ẹ̀yìn ṣì pọ̀ lójú títì wa. Àmọ́ ayé ti ń yí. Kòròlà tí a mọ̀ sí ọkọ̀ ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí di ti iwájú láti 1983. Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ ya wọlé: Camry, Golf, Sienna, iwájú ni gbogbo wọn. Ẹjọ́ ì bá ti parí síbẹ̀, bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń ti ọkọ̀ ló ń pa èèyàn.

Kò parí. Ọkọ̀ iwájú a máa jẹ táyà iwájú kíákíá, nítorí òun ló ń fa ọkọ̀, òun ló ń yà, òun ló sì ń ru iṣẹ́ bíréèkì tó pọ̀ jù. Bí owó táyà méjì péré bá wà lọ́wọ́, kí ni ẹni wa máa ń ṣe? Á fi tuntun síwájú, á gbé àlòkù sẹ́yìn. Ó dà bí ọgbọ́n, àmọ́ àwọn tó ń ṣe táyà, Michelin lára wọn, ń sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀yìn ló yẹ kí méjì tó dára jù máa wà, ì báà jẹ́ iwájú ni ó ń fa ọkọ̀. Bí táyà iwájú bá yọ̀, awakọ̀ ṣì lè dín eré kù. Bí ti ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ gbéra lórí omi, Camry yín á fì bí Ìjàpá ayé àtijọ́, kò sì sí agbára kankan lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn tó fà á.

Àwọn Jámánì ti wá ẹ̀rọ tó ń gba awakọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ irú èyí. Láti 1995 ni Mercedes ti ń fi í sínú ọkọ̀: bó bá rí i pé ìdí fẹ́ fì, á fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láti dá ọkọ̀ padà. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà sọ pé ó dín ewu kí ọkọ̀ kan dá ṣubú kó sì pa èèyàn kù ní nǹkan bí ìdajì, wọ́n sì fi òfin dè é pé gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n bá ṣe fún ọdún 2012 sókè gbọ́dọ̀ ní in. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń gùn yìí. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò kú, ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ nìyẹn, àwọn kan a sì ní kí mẹkáníìkì bá wọn yọ gílóòbù iná náà kó má máa yọ àwọn lẹ́nu.

Ní báyìí, HiAce ló gba ipò wagon lójú ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yìn ló sì ń tì í, bíi ti 504. Mo fẹ́ wọ ọ̀kan ní Ìwó Road n'Íbàdàn nínú òjò ọdún tó kọjá. Kí n tó sanwó, mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ti òsì ṣì ní ilà. Ti ọ̀tún ti pá pátápátá, ó ń dán. Awakọ̀ bi mí pé, "Àǹtí, ṣé fọkanáísà ni yín ni?" Mo ní rárá, èrò ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èrò yòókù, ìjókòó iwájú ni wọ́n ń dù, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn rí. Mo kí i, mo sì dúró de ọkọ̀ tó kàn.