Ta Ló Ń Yan Ta? Bàálù, Ọ̀nà àti Òkúta Wẹ́wẹ́ ní Kánádà

Àṣìṣe kan ti di àṣà láàárín àwa tí a ń kọ̀wé nípa ètò ọkọ̀ òfurufú. A máa ń kọ ọ́ bíi pé èrò ló kọ́kọ́ dé, ọ̀nà tẹ̀ lé e, bàálù wá gbẹ́yìn: ka iye ẹni tó fẹ́ rìn, la ọ̀nà fún wọn, kí o tó lọ ra ohun tí yóò gbé wọn. Abara (1989), tó ṣírò bí American Airlines ṣe lè pín oríṣiríṣi bàálù sórí ìrìnàjò rẹ̀, gba àtẹ ìrìnàjò bí wọ́n ṣe gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. N ò bá a wí. Ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ ló dáhùn. Àwọn tó gbé ìdáhùn yẹn dé Kánádà tí wọ́n sọ ọ́ di òfin ni mo ń bá jà.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí a máa ṣe rèé. Ọ̀nà kan wà tó ń yan bàálù. Bàálù kan sì wà tó ń yan ọ̀nà. Ní ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ tàbí òfin ti sọ ohun tó lè balẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó lanu sọ̀rọ̀. Ní ti èkejì, iléeṣẹ́ ti ra bàálù ná, gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn, ó wá ń wá ibi tí yóò bá a mu kiri, bí ẹni tó ra bàtà kó tó mọ ẹsẹ̀ tí yóò wọ̀ ọ́. Èrò wà nínú méjèèjì, àmọ́ òun kọ́ ló jókòó sí orí àga.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn aṣáájú wa kò dé. Ìlú àti abúlé 25 ló wà ní Nunavut, títì kankan kò so ọ̀kan mọ́ èkejì. Iqaluit àti Rankin Inlet nìkan ni wọ́n da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ti àwọn yòókù. Jẹ́ẹ̀tì tó mọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bà lé jù lọ ni Boeing 737-200, èyí tí wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti 1988. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Pátákó irin pẹrẹsẹ kan wà nídìí táyà imú rẹ̀, tó ń gbá òkúta padà sílẹ̀ kó má baà fò lu ikùn bàálù. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ síwájú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sísàlẹ̀ láti tú ìjì kékeré tí ìbá fa òkúta wọnú ẹ́ńjìnnì ká. Nínú èyí tó ń gbé èrò àti ẹrù pọ̀, ògiri àárín ṣeé tì síwá sẹ́yìn: oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀yà ẹ̀rọ níwájú, èrò lẹ́yìn.

Àwọn oríṣi 737 tuntun tó jáde láti 1984 kò lè bá a dé ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wọn fẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Boeing kò ṣe irú ohun èlò yìí fún wọn. Nítorí náà ni iléeṣẹ́ Nolinor, ní Quebec, fi ṣì ń fi 737-200 kó òṣìṣẹ́ lọ síbi ìwakùsà. Bí jẹ́ẹ̀tì yìí bá kúrò lórí ọ̀nà kan, ATR 42 onífáànù ni yóò kù: ó ń bà lé òkúta, àmọ́ kò yára, ẹrù rẹ̀ sì kéré. Iye èrò lè má yí padà rárá. Bàálù ló dàgbà. Àtẹ ìṣirò wo ló ní àyè fún èyí? (Ó ń ṣe mí bíi kí n bèèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe àrọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn tó àpilẹ̀kọ mìíràn.)

Wọn yóò ní àríwá yàtọ̀. Ó dáa, ẹ bá mi ká lọ sí Toronto. Pápákọ̀ òfurufú Billy Bishop wà lórí erékùṣù létí ìlú, àdéhùn 1983 sì ka jẹ́ẹ̀tì léèwọ̀ níbẹ̀, àfi tó bá jẹ́ aláìsàn ló gbé. Nígbà tí iléeṣẹ́ Porter bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2006, Q400 onífáànù ló kó wá. Ní 2013 ó fẹ́ jẹ́ẹ̀tì CS100, ó sì ní kí wọ́n fa ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ gùn. Ní 2015, mínísítà ìrìnnà, Marc Garneau, ní òun kò ní tún àdéhùn náà ṣí. Ǹjẹ́ òfin àti ilẹ̀ wá jẹ́ ọ̀kan náà? Mo rò pé wọ́n yàtọ̀ díẹ̀. Ìwọ̀n àti òkúta ni ilẹ̀ fi ń kọ bàálù; òfin ń fi ariwo àti ìbínú aládùúgbò kọ̀ ọ́, ìbínú sì lè rọ̀. Fún ẹni tó ń ṣètò ọ̀wọ́ bàálù, ìkọ̀ náà ni ìkọ̀ ń jẹ́.

Ní February 2023, Porter gbé jẹ́ẹ̀tì E195-E2 oníjòókòó 132 lọ sí Pearson, pápákọ̀ mìíràn ní Toronto. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yí bìrí: bàálù tuntun ti wà nílẹ̀, ó ní láti rí ibi fò sí, Vancouver, Calgary àti Edmonton sì wọ ìwé. Iléeṣẹ́ kan náà ti ti ìsọ̀rí kan bọ́ sí èkejì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìyàtọ̀ mi pín iléeṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Àsìkò ló ń pín.

Ti WestJet kò gùn. Ní 29 February 1996, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 737-200 mẹ́ta, ó ń fò sí ìlú márùn-ún. Mo gbà pé oríṣi bàálù kan ṣoṣo ń dín owó awakọ̀, mẹkáníìkì àti ẹ̀yà ẹ̀rọ kù. Ohun tí àwọn olùyìn rẹ̀ kì í sọ ni pé oríṣi kan ṣoṣo náà ló ń sọ ìlú tí kò ní dé: ó di June 2013, nígbà tí Encore, ẹ̀ka rẹ̀, kó Q400 wá, kí Nanaimo àti Fort St. John tó wọ ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Air Canada. Nígbà tí A220 oníjòókòó 137 ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kéde pé bàálù yìí lòun yóò fi ṣí Montréal sí Seattle. Ẹni tó bá ní ọjà ló pe bàálù yẹn wá lè jàre díẹ̀; n kò rò pé ó jàre tán.

Ó ku June 2020, tí Air Canada pa ọ̀nà abẹ́lé 30 tì, tó sì kúrò ní pápákọ̀ mẹ́jọ, lára wọn Gaspé, Val-d'Or, North Bay àti Bathurst. COVID-19 ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí? Bàálù onífáànù kékeré ló yẹ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Dash 8 kúkúrú, tó ń gbé nǹkan bí èrò 37 sí 50, ti kúrò lójú iṣẹ́ ṣíṣe kí 2010 tó dé. Ó ṣeé ṣe kí àrùn náà kàn ti ilẹ̀kùn tí ọjọ́ orí bàálù ti ń pa dé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí mi níhìn-ín kò le tó ti òkúta wẹ́wẹ́, mo jẹ́wọ́.

Síbẹ̀ n ó sọ ọ́: ní Kánádà, èrò kò tíì yan bàálù kan rí. Ilẹ̀, òfin àti gbèsè ló ń yàn. Ọ́fíìsì ètò ń kọ ohun tí wọ́n yàn sílẹ̀ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba tó fẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì àríwá rọjú, ọ̀dà ni kó kọ́kọ́ rà. Ọjọ́ tí wọ́n bá da á sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ kan, pátákó irin ìdí táyà imú yẹn kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, bàálù tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí yóò sì lè balẹ̀.